Omi kì í fọ kíndìnrín

Gbólóhùn kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lẹ́nu kẹ́mísì l'Òṣogbo á ti gbọ́, ì báà jẹ́ lágbègbè Ọ̀jà Ọba, ì báà jẹ́ n'Ígbọ̀nà: "Ẹ máa mu omi dáadáa o, kó lè máa fọ kíndìnrín yín." Ẹni tó ń sọ ọ́ ò ní ibi lọ́kàn. Àmọ́ kíndìnrín kì í ṣe abọ́ tí wọ́n ń da omi lé lórí kó lè mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni alágbàfọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń fọ̀. Omi tí a bá mu, inú ìfun ló ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e lọ bá kíndìnrín, kíndìnrín á wá ṣírò èyí tó máa lọ àti èyí tó máa dúró. Ìṣirò yìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, á yé e ìdí tí omi púpọ̀ fi lè gba ẹnì kan là lónìí, kí omi kan náà sì pa ẹlòmíì lọ́la.

Méjì ni wọ́n, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, lábẹ́ egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ti ọ̀tún rẹlẹ̀ díẹ̀ torí pé ẹ̀dọ̀ jókòó lé e lórí. Kíndìnrín àgbàlagbà kan tó ìkúùkù, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 ní gígùn. Bó ti kéré tó yẹn, nínú lítà ẹ̀jẹ̀ 5 tí ọkàn ń tì jáde níṣẹ̀ẹ́jú kan, nǹkan bíi lítà kan ló ń gba ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì kọjá.

Àwọn kan máa ń fi asẹ́ ògì ṣàpèjúwe rẹ̀: èérí á dúró sójú asẹ́, ògì á sọ̀ kalẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo, ìkòkò aláró sì sún mọ́ ọn jù. Ìkòkò méjì ni aláró ń gbé léra. Ti òkè ní ihò nídìí, eérú ló kún inú rẹ̀; wọ́n á da omi sí i, omi eérú á máa kán tó, tó, sínú ti ìsàlẹ̀. Tí wọn ò bá da omi sí ti òkè mọ́, kíkán á dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, a máa padà sí i.

Nínú kíndìnrín kan, irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Nephron ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí rẹ̀ ni òṣùṣù iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan wà, ihò tójú ò lè rí sì kún ara wọn. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn ló ń ti omi gba ihò wọ̀nyí jáde, pẹ̀lú iyọ̀, ṣúgà, èérí ara, gbogbo ohun tó bá ti kéré. Protein àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tóbi ju ihò lọ, inú iṣan ni wọ́n ń dúró sí. Mílílítà 125 ló ń jáde báyìí níṣẹ̀ẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀: lítà 180 lójúmọ́. Tí a bá fi píọ̀ wọ́tà oní-50cl díwọ̀n rẹ̀, ọ̀rá 360 nìyẹn, báàgì 18 tó ní ogún-ogún nínú.

Kò sẹ́ni tó ń tọ lítà 180. Lítà kan àbọ̀ tàbí méjì ni èèyàn ń tọ̀, nítorí pé bí omi yẹn ṣe ń gba inú ọ̀nà tóóró tó wà nídìí nephron kọjá ni kíndìnrín ń ṣà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú lítà 100, ó ń gba nǹkan bíi 99 padà. Gbogbo ṣúgà ló ń gbà, àfi tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, bíi ti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Iyọ̀, ó ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó dà bí ìyàwó ilé tó ń da gbogbo ẹrù inú àpótí sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń kó èyí tó wúlò padà, tó wá gbá ìyókù síta. Ìyókù yẹn ni ìtọ̀: urea tó wá láti ara protein tí ara ti lò, creatinine tó wá láti ara iṣan ẹran ara, ásíìdì, potassium (èròjà kan tó jọ iyọ̀) tó ṣẹ́kù, àti omi tó ń gbé wọn lọ.

Ta ló ń sọ fún un pé kó gba omi díẹ̀ tàbí púpọ̀? Ọpọlọ ni. Ọkùnrin tó wọn kílò 70 ní omi tó tó lítà 42 lára. Nǹkan bí 28 wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, 14 wà níta wọn, lára 14 yẹn nǹkan bíi 3 péré ló jẹ́ omi ẹ̀jẹ̀. Sodium, tó jẹ́ ọ̀kan lára nǹkan méjì tó di iyọ̀ ọbẹ̀, ló ń pinnu ibi tí omi ń jókòó sí. Láàárín 135 sí 145 ló yẹ kó wà lórí ìwé láàbù. Tí òógùn bá ti gbẹ èèyàn lára, tí ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ọpọlọ á mọ̀ ọ́n kíákíá. Ohun méjì ló máa ṣe: á fi òǹgbẹ sí i lọ́fun, á sì da omi ara kan tí wọ́n ń pè ní ADH sínú ẹ̀jẹ̀. ADH dé kíndìnrín, kíndìnrín á ká omi mọ́ra, ìtọ̀ á kéré, á pọ́n. Tí omi bá ti pọ̀ jù, ADH á dákẹ́, ìtọ̀ á funfun bí omi. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ò lè dá omi. Fífi pamọ́ nìkan ló mọ̀, kódà ó gbọ́dọ̀ ná nǹkan bí ìdajì lítà lójúmọ́, nítorí èérí ò lè dá rìn jáde láìsí omi.

Èló wá ni ká mu? Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fún gbogbo èèyàn ní iye kan náà. Ẹ wo ohun tó ń jáde: ìtọ̀ bíi lítà kan àbọ̀, èémí àti awọ ara, bíi mílílítà 800 tí a kì í rí, ìgbẹ́, 100 sí 200. Ohun tó ń wọlé, ẹ má ka èyí tí a mu nìkan. Ẹ̀kọ tútù, ọbẹ̀, àmàlà, ọsàn, omi ló pọ̀ jù nínú wọn. Àgbàlagbà tó jókòó sí ọ́fíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè-Fìà, tí ara rẹ̀ le, ọ̀rá omi 4 lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀ sábà máa ń tó o. Wẹ́dà tó ń jó irin nínú oòrùn oṣù kẹta ò ní bá a dọ́gba, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ líle nínú ooru lè làágùn lítà kan láàárín wákàtí kan. Tó bá ní ìwọ̀n ara, kó gun orí rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó tún gùn ún lẹ́yìn tó bá parí, kó ti nu òógùn kúrò. Kílò kan tó bá dín jẹ́ lítà omi kan, ìyẹn ọ̀rá méjì, kó sì fi sùúrù mu ún padà títí di alẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ tó ní iyọ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n, kó wo ìtọ̀ rẹ̀: kó rí bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n là mọ́ omi, ó dáa, kó pọ́n bí àgbo, omi ti kù. Tó bá pupa tàbí tó dúdú bíi kóòkì, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ omi, ilé ìwòsàn ni.

Àwọn tó ń pín in lórí WhatsApp pé ká mu lítà mẹ́rin láàárọ̀ kùtù kó lè "fọ inú", ewu ni wọ́n ń pín. Kíndìnrín tó le bí irin pàápàá ò lè tú ju nǹkan bíi lítà kan jáde ní wákàtí kan. Èyí tó ṣẹ́kù á là sodium inú ẹ̀jẹ̀, omi á rọ́ wọnú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á wú nínú agbárí tí kò lè fẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́, èébì á tẹ̀ lé e, gìrì ló máa ń kẹ́yìn rẹ̀.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ìkòkò òkè tó gbẹ. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì lè gba lítà bíi mélòó kan lára èèyàn lọ́jọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ á dín kù, agbára tó ń ti omi gba ihò nephron á rọ̀, kíkán á dúró. Àwọn ọ̀nà tóóró nídìí nephron ò sì lè pẹ́ láìrí ẹ̀jẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà bá pẹ́, sẹ́ẹ̀lì wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kíndìnrín tó le lè dákẹ́ báyìí láàárín ọjọ́ méjì péré, ó sì lè padà bọ̀ sípò tí wọ́n bá tètè dá omi padà.

Omi lásán kọ́ ni wọ́n ń dá padà o. Ìgbẹ́ gbuuru ń kó iyọ̀ lọ, iyọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ padà, ìfun kò sì lè gba iyọ̀ dáadáa lásìkò yẹn àfi kí ṣúgà bá a wọlé. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà fi wà nínú ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kì í ṣe torí kó dùn. ORS inú pákẹ́ẹ̀tì ló dáa jù, torí ó tún ní potassium. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: tó bá ní lítà kan, ọ̀rá omi oní-50cl méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, kí wọ́n tú pákẹ́ẹ̀tì lítà kan sínú ọ̀rá omi kan, tàbí kí wọ́n máa bu ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀ sínú ife. Iyọ̀ tó pọ̀ jù á tún fa omi jáde lára ọmọ náà ni. Tí kò bá sí pákẹ́ẹ̀tì: lítà omi kan tó mọ́, ṣíbí tíì ṣúgà 6, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́jú. Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Tó bá níyọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn. Tó bá di wákàtí 24, ẹ da èyí tó kù nù.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, 100 sí 200. Ṣíbí-ṣíbí ni kí ẹ máa fún un. Tó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ọmú ò gbọdọ̀ dúró. Zinc náà wà pẹ̀lú rẹ̀: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Tó bá ń padà bí aṣọ òkè tí wọ́n ká, tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, tàbí tí ojú rẹ̀ jìn sínú, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, ẹ má dúró sílé mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Lásìkò ìgbẹ́ gbuuru yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ra "kọ̀ǹbíà", ìyẹn oògùn tí wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré fún ara ríro. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń wà níbẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, kíndìnrín ní ọgbọ́n kan: ó máa ń ṣí ẹnu iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọnú òṣùṣù náà kó fẹ̀ sí i. Oògùn wọ̀nyí ló ń ti ẹnu iṣan yẹn pa. Ẹni tó tún ń lo lisinopril àti oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun mẹ́ta ló kó lé kíndìnrín lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìgbẹ́ tàbí èébì bá le, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pe dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó bi í bóyá kó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà dúró títí á fi jẹun padà. Paracetamol ẹyọ méjì, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lójúmọ́, ló rọ kíndìnrín lọ́rùn jù fún ara ríro.

Ẹ̀yìn ríro náà ti kó ọ̀pọ̀ sínú ìyọnu. "Kíndìnrín ló ń dùn mí," wọ́n á gbé diclofenac mì fún oṣù mẹ́ta. Kíndìnrín tó ń bàjẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ kì í sábà dunni. Iṣan ẹ̀yìn àti egungun ló ń dùn wọ́n, oògùn tí wọ́n ń lò fún un ló wá ń ba kíndìnrín tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan jẹ́.

Èkejì rẹ̀ ni "mo ń tọ̀ dáadáa, kò lè jẹ́ kíndìnrín." Ó lè jẹ́ o. Agbára láti ká omi mọ́ra wà lára ohun tí kíndìnrín kọ́kọ́ ń pàdánù. Ìtọ̀ á pọ̀, á funfun, èèyàn á máa dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru, èérí ò sì bá omi yẹn lọ. Iye ìtọ̀ kọ́ ló ń sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó wà nínú ìtọ̀ ni. Ìfófòó bí omi ọṣẹ tí kò tètè kú máa ń túmọ̀ sí pé protein ti ń gba ihò tí kò yẹ kó gbà. Tí protein bá sì ti ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè di omi mú: ojú á wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ á wú nírọ̀lẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iwájú ojúgun fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Tí kòtò bá dúró síbẹ̀, omi ló wà lábẹ́ awọ, kì í ṣe ọ̀rá.

Iyọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí òun ló ń di omi mú. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún àgbàlagbà kò tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà pọ̀. Ẹ gbé magí kan, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: iyọ̀ ló ń ṣáájú, ohun tó bá pọ̀ jù ni wọ́n sì ń kọ ṣáájú. Èyí tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni káún. Káún inú ewédú, káún inú ẹ̀wà, kò níyọ̀ lẹ́nu, nítorí náà wọn kì í kà á mọ́ iyọ̀. Sodium ni. Ẹni tí dókítà ní kó dín iyọ̀ kù, tó yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ tó fi káún se ewédú, ẹnu rẹ̀ nìkan ló tàn jẹ. Ìjábẹ̀ tó mú ṣáṣá lè fọ́ ewédú kúnná láìsí káún, iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ díẹ̀.

Àgbo wá ńkọ́? Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé gbogbo ewé ló ń pa kíndìnrín. Ṣùgbọ́n ewéko kan wà tí ẹ̀rí rẹ̀ ti dájú: ìran Aristolochia, tí àwọn eléwé-ọmọ wa ń ta ọ̀kan lára wọn lórúkọ akọ igún. Ásíìdì kan wà nínú ìran náà tó ń sọ ọ̀nà tóóró inú kíndìnrín di àpá, tó tún ń fa jẹjẹrẹ lójú ọ̀nà ìtọ̀. Ní 1993 ni àwọn dókítà ní Bẹ́ljíọ̀m kọ ọ́ síta, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin tó ń lo ewé láti fi fọn pàdánù kíndìnrín wọn. Sísè kì í pa á. Ẹ bi ẹni tó ń ta àgbo fún yín léèrè ohun tó wà níbẹ̀. Tí kò bá lè sọ, ẹ fi sílẹ̀. Bákan náà ni ìpara ìbóra tó ní mercury, tó máa ń gba awọ wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ jó ihò nephron. Omi odò Ọ̀ṣun náà, láti ìgbà tí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ ọ́ di pupa, kò ṣeé bù mu bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022. Híhó ń pa kòkòrò, kì í yọ òjé àti mercury.

Ohun kan tún wà tó kan àwa Yorùbá gan-an. Ní 2010 ni wọ́n rí i pé irúfẹ́ méjì kan lára APOL1, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí a ń jogún lára òbí, ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ sí jù, Yorùbá sì wà lára àwọn tó pọ̀ sí lára. Ẹni tó jogún ẹyọ kan, ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹni tó jogún méjì, lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ni ewu pọ̀ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ò ní ṣàìsàn láé. Nítorí náà, tí kíndìnrín bá ti mú ẹnì kan nínú ẹbí, kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n yéé wá ẹni tó ṣe é.

Àyẹ̀wò mẹ́ta péré ni, láàbù ilé ìwòsàn Asúbíaró lè ṣe é, ilé ìwòsàn UNIOSUN náà lè ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru: 140/90 sókè, ó ti ga. Ìtọ̀ fún protein: ìtọ̀ àárọ̀ ló dáa jù, ẹ tọ díẹ̀ nù ná, kí ẹ gbe àárín rẹ̀, kó sì dé láàbù láàárín wákàtí kan, kí obìnrin má ṣe é lásìkò nǹkan oṣù. Creatinine inú ẹ̀jẹ̀: ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣírò eGFR mọ́ ọn, ìyẹn iye mílílítà omi tí kíndìnrín ń sẹ́ níṣẹ̀ẹ́jú kan, torí creatinine nìkan lè dáa lójú títí ìdajì agbára kíndìnrín fi lọ. Kí eGFR wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́. Tó bá wà lábẹ́ 15, ọ̀rọ̀ dialysis, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, tàbí pípààrọ̀ kíndìnrín ti dé.

Ibẹ̀ ni "mu omi dáadáa" ti ń di májèlé. Ẹni tó ń ṣe dialysis lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, tí kò tọ̀ púpọ̀ mọ́, omi tó bá mu ò ríbi gbà jáde títí di ọjọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń dé. Ìlànà tí wọ́n sábà ń lò ni iye ìtọ̀ àná, ẹ fi mílílítà 500 kún un. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n: tó bá jí, kó tọ ìtọ̀ àkọ́kọ́ nù, gbogbo èyí tó bá tọ̀ lẹ́yìn náà, títí kan èyí tó máa kọ́kọ́ tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó gbè é sínú ìgò lítà kan àbọ̀ tí wọ́n ti fi máákà pín sí ọgọ́rùn-ún mílílítà. Tó bá jẹ́ 300, omi ọjọ́ náà jẹ́ 800, ẹ̀kọ mímu, tíì, omi ọbẹ̀, yìnyín, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n bu 800 náà sínú ìgò kan láàárọ̀. Tó bá mu tíì, kí wọ́n da iye tíì náà nù nínú ìgò. Kó máa gun ìwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán, kó tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ kan náà. Kílò méjì tó bá fi kún láàárín ọjọ́ ẹ̀rọ méjì, lítà omi méjì ni, kì í ṣe ẹran. Tí ọ̀fun bá ń gbẹ ẹ́, kó fi omi yọnu kó tu ú dànù, tàbí kó fá ẹyọ yìnyín kékeré kan lẹ́nu. Ìgbà tí òǹgbẹ bá pọ̀ jù, kí wọ́n wo ọbẹ̀ àná kí wọ́n tó bá a jà: iyọ̀ ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.